Ọmọ Eèsún àti Jéró

Ẹ ṣáà mọ eèsún etí odò. Màlúù fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rú. Bí ó bá gbó, igi ni. Ewé jéró, tí àwọn Hausa fi ọkà rẹ̀ ṣe fúrá, rọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n kì í pé ọdún kan kí ó tó kú.

Ní 1944, Glenn Burton ní Tifton, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ tí a mú jáde láti ara àwọn méjèèjì. Ní Delhi, àwọn ará India náà mú tiwọn jáde fún màlúù oníwàrà: Pusa Giant Napier.

Ẹ má wá irúgbìn rẹ̀ o! Àwọn okùn tín-ín-rín tí ń ru àbùdá ìran jẹ́ 28 nínú eèsún, 14 nínú jéró. Ìdajì-ìdajì ni ọmọ gbà, ó di 21. Èyí kò ṣe é pín sí méjì dọ́gba, nítorí náà kì í so, bí ìbaaka kì í ti í bímọ. Igi rẹ̀ ni a ń gé gbìn bí ìrèké. Ẹ lè bù fún aládùúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀, àrùn tí ó bá pa ìdí kan lè pa oko tán.