Kí oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù tó gbé e: bí Honda àtijọ́ ṣe ń di cafe racer láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́

Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé àtijọ́ nígboro Ìkòròdú tàbí l'Ẹ̀pẹ́ dáadáa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, níbi tí wọ́n ń kó bátìrì tó ti kú àti jẹnẹrétọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ sí, ẹ ó bá alùpùpù kan níbẹ̀: Honda bàbá àgbà, tàbí Suzuki tí ẹ̀gbọ́n kan fi ṣe ọ̀kadà kó tó ra kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Táyà ti jẹrà, adìẹ ti fi síìtì ṣe ìtẹ́. Ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀ sí i. Oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù lè wọ̀n ọ́n ní kílò, kó sì parí sínú iná àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin l'Odogunyan. Tàbí kí ẹnì kan gbà á, kó tún un ṣe.

Èyí ẹ̀kejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá irú àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní cafe racer. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti orí Instagram, ìbéèrè yín ò ju mẹ́ta lọ: ṣé ó ṣeé ṣe níbí, ibo lèèyàn ti máa bẹ̀rẹ̀, ṣé Táásì Fọ́ọ̀sì ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹni? Mi ò ní dá iye owó lé e o. Iye tí mo bá kọ láàárọ̀, ọjà lè ti yí i padà kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Kí ni cafe racer gan-an?

Kì í ṣe orúkọ iléeṣẹ́, kì í sì í ṣe orúkọ máṣìnì kan pàtó. Àṣà àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, láti àwọn ọdún 1950 wọ àwọn ọdún 1960. Ibi tí wọ́n ti ń ta tíì àti oúnjẹ fáwọn awakọ̀ ni wọ́n ti máa ń pàdé. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Ace Cafe, létí títì North Circular ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1938 ni wọ́n ṣí i, bọ́ǹbù bà á jẹ́ lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún un kọ́ lọ́dún 1949, wọ́n tì í lọ́dún 1969, ó sì tún ṣí padà lọ́dún 2001.

Àwọn ọmọ yẹn ò lówó máṣìnì eré ìje. Alùpùpù tí wọ́n ń gùn lọ síbi iṣẹ́ náà ni wọ́n ń tú. Wọ́n á yọ gbogbo ohun tó kàn ń wúwo lásán, wọ́n á gbé ándù wálẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà máa gbá wọn láyà, wọ́n á sún ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n á wá fi síìtì ẹnì kan ṣoṣo tó ní iké lẹ́yìn sí i. Ohun tí wọ́n ń lé ni máìlì ọgọ́rùn-ún ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bíi 160 kìlómítà. Àwọn ògbójú inú wọn a máa gbé ẹ́ńjìnnì Triumph sínú férémù Norton, wọ́n á sì pè é ní Triton.

Tẹ́ ẹ bá rò ó dáadáa, iṣẹ́ yẹn ò ṣàjèjì sáwọn mẹ́káníìkì wa. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń tú alùpùpù láti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Kìkì pé tiwa, à ń fi kún un ni: síìtì gígùn tó lè gba èrò mẹ́ta, irin ẹ̀yìn tó lè gbé àpò gàrí méjì. Tàwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń yọ kúrò.

Máṣìnì wo lèèyàn á mú?

Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀, Honda CG125 ni mo máa ní kó wá. Honda gbé e jáde láàárín àwọn ọdún 1970, orílẹ̀-èdè bíi tiwa gan-an ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Àwọn ẹnjiníà wọn ti rí i pé níbi tí eruku ti pọ̀, táwọn èèyàn kì í sì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ẹ́ńjìnnì tó ń fi ṣéènì inú ṣí fáàfù kì í pẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n yọ ṣéènì náà, wọ́n fi ọ̀pá tó ń ti fáàfù rọ́pò rẹ̀. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí CG tó ti sùn fún ogún ọdún ṣì ṣeé jí. Honda kì í sì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Lásìkò owó Udoji, lọ́dún 1975, alùpùpù wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ rà, ọdún 1979 sì ni wọ́n dá iléeṣẹ́ Honda tó wà l'Ọ̀tà sílẹ̀.

Suzuki AX100 náà dáa, ó fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì ń jó pọ̀ mọ́ epo nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, èéfín rẹ̀ á sì jẹ́ káwọn aládùúgbò máa fi ọwọ́ bo imú. Bajaj Boxer tó kún ojú títì ń kọ́? Ìyẹn ò tíì di àtijọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fáwọn tó ń fi í jẹun.

Kẹ́ ẹ má sì tan ara yín jẹ o. CG125 ò ní sá 160. Tó bá fi lè lé díẹ̀ ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ó ti gbìyànjú gan-an. Ìrísí àti bó ṣe ń tẹ̀ sí kọ̀rọ̀ lẹ ń ṣe é fún, kì í ṣe eré àsápajúdé.

Ìwé ṣáájú sípánà

Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń fò kọjá. Alùpùpù tí kò ní pátíkúlà, irin lásán ni, bó ti wù kó rẹwà tó. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára férémù, ẹ wo ti ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ fi wé ohun tó wà nínú ìwé. Bí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà férémù, ẹ dá a padà fún ẹni tó fẹ́ tà á, ẹ má bá a ná an rárá. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tàbí tẹ́ ẹ kùn ún ní àwọ̀ mìíràn, ẹ lọ tún ìwé náà ṣe lọ́dọ̀ MVAA, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ l'Ékòó.

Tó bá jẹ́ alùpùpù bàbá yín tó ti di olóògbé ńkọ́? Ogún ni, kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹ pe àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i nínú ìwé kẹ́ ẹ tó gé ohunkóhun. Máṣìnì tí ẹnikẹ́ni ò bojú wò láti ọdún pípẹ́, ọjọ́ tó bá ń dán ni gbogbo ẹbí á rántí pé bàbá àwọn ló ni ín.

Jíjí ẹ́ńjìnnì

Ẹ má gbá kíìkì rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e délé. Ọ̀rinrin ọ̀sà ò mọ ilé olówó yàtọ̀ sí ti tálákà. Máṣìnì tó ti pẹ́ nílẹ̀ l'Ẹ̀pẹ́ tàbí l'Ebute Ìkòròdú, ó ṣeé ṣe kí písítìn rẹ̀ ti gan mọ́ sílíńdà. Tẹ́ ẹ bá fi agbára ta á, ríìnì inú rẹ̀ á ṣẹ́. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ da díísù tẹ́ ẹ pò mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí ihò rẹ̀, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sí jíà tó ga jù, kẹ́ ẹ máa rọra ti táyà ẹ̀yìn síwá-sẹ́yìn. Tó bá gbà, ẹ dúpẹ́. Tí kò bá gbà, ẹ gbé e fún mẹ́káníìkì kó ṣí orí ẹ́ńjìnnì.

Tó bá ti ń yí, ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù, kẹ́ ẹ rọ tuntun, nǹkan bíi lítà kan. Kábúrétọ̀ ló kàn. Epo tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ á ti di bí oje igi, á sì ti dí ojú jẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un o, ihò yẹn á fẹ̀ sí i, máṣìnì á sì máa mu epo bí ọ̀mùtí. Fọ́nrán wáyà bàbà tín-ín-rín àti atẹ́gùn ẹni tó ń lẹ táyà ti tó. CG àtijọ́ tó ń lo kọ́ńtáàtì, ẹ fi ìwé iyanrìn tó kúná nù ún, kẹ́ ẹ ṣètò àlàfo rẹ̀ sí 0.3 sí 0.4 mílímítà. Ẹ tún wò ó bóyá fólítì mẹ́fà ni iná rẹ̀, nítorí gílóòbù méjìlá tí wọ́n ń tà káàkiri ò ní tàn dáadáa lórí rẹ̀.

Táńkì tó ti dípẹtà, ẹ da fínígà sí i di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n títí apá yín á fi ro yín. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Sípéà páàtì CG kì í wọ́n rí. Èyí tí kò bá sí lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù Ìkòròdú, wọ́n á ní ẹ jẹ́ káwọn ránṣẹ́ sí Nnewi.

Gígé férémù àti jíjó o

Ẹ̀yìn férémù nìkan lẹ máa gé. Ibi tí ṣọ́kù so mọ́ àti ọrùn tó di iwájú mú, ẹ má fi gíráńdà kàn án. Wọ́n á tẹ páìpù kan bí ìdajì òrùka, wọ́n á jó o mọ́ ìparí férémù. Orí rẹ̀ ni síìtì á jókòó lé. Ẹ wá alájórin tó máa ń jó férémù ọkọ̀, kì í ṣe èyí tó jẹ́ pé géètì nìkan ló ń ṣe. Irin férémù tín-ín-rín, iná tó pọ̀ jù á jó o lu. Ẹ yọ bátìrì kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé táńkì jìnnà réré: táńkì tó dà bíi pé ó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí èéfín epo tó wà nínú rẹ̀ ló ń bú gbàù.

Àwọn tó ń fi fáíbà ṣe ọkọ̀ ojú omi mọ bí wọ́n ṣe lè ṣe ìdí síìtì oníké yẹn. Irú fáíbà kan náà ni. Ẹni tó ń rán àga ilé á fi fóòmù àti awọ bò ó.

Tẹ́ ẹ bá ti sọ ándù kalẹ̀, ẹ yí i dópin lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ọwọ́ yín ò gbọdọ̀ há mọ́ táńkì, wáyà kílọ́ọ̀ṣì ò gbọdọ̀ fà. Tẹ́ ẹ bá sún ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ sẹ́yìn, ẹ wò ó bóyá kíìkì ṣì lè wálẹ̀ dópin láìkọlù ú. Lórí CG, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà máa ń wà.

Ọ̀rọ̀ sáléńsà àti fílítà, mo ní èrò tèmi níbẹ̀. Àwọn kan máa ń yọ ilé fílítà dànù kí àárín máṣìnì lè ṣófo nínú fọ́tò, wọ́n á tún gé sáléńsà. Ariwo yẹn ò fi agbára kankan kún un. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á pọ̀ ju epo lọ, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná, àfi tẹ́ ẹ bá fi jẹ́ẹ̀tì tó tóbi sí i. Eruku ilẹ̀ pupa tó wà lágbègbè Imọta àti Agbowa á sì fi ríìnì ṣe oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí fílítà rẹ̀ wà níbẹ̀.

Bíréèkì ṣáájú ọ̀dà. Awọ bíréèkì tó ti pẹ́ lè ṣí kúrò lára irin lójijì. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ eruku rẹ̀, torí òmíràn nínú àwọn ti àtijọ́ ní asbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú. Táyà náà, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ 2318, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é. Iná ẹ̀yìn, tíráfíkétọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bí wọn ò tilẹ̀ dùn ún wò.

Ibo lẹ ti lè gùn ún?

Òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó tọdún 2012 lé ọ̀kadà kúrò lójú títì 475, ó sì yọ èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá tó 200cc sílẹ̀. CG yín, 125 ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n tún mú un le sí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n fòfin de ọ̀kadà pátápátá nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Ìkẹjà, Súrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Lagos Mainland, Lagos Island àti Apapa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n fi Kosọfẹ, Oṣodi-Isọlọ, Ṣomolu àti Muṣin kún un. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ò sí nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń wo Kẹtu lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ rántí pé Kosọfẹ lẹ fẹ́ wọ̀ yẹn.

Lóòótọ́, ọ̀kadà akérò lòfin náà dojú kọ, síìtì ẹnì kan ṣoṣo sì fi hàn pé ẹ ò gbé èrò. Ẹ má gbára lé ìyẹn nìkan lọ́wọ́ Táásì Fọ́ọ̀sì. Lọ́dún 2022 yẹn, ìjọba fi ẹ̀rọ rún alùpùpù tó lé ní 2,000 níṣojú gbogbo ayé. Ẹ mú ìwé dání, pẹ̀lú láíséǹsì onípele A tó jẹ́ ti alùpùpù. Akoto pọn dandan. Ní oṣù kìíní ọdún 2009 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú un, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá sórí. A rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, àmọ́ igbá ò gba orí là.

Fún ìdánwò àkọ́kọ́, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ yí kiri ládùúgbò lásán. Ẹ padà sílé, kẹ́ ẹ fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí jìgìjìgì ẹ́ńjìnnì á ti tú díẹ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ lè ronú nípa ọ̀nà Imọta sí Itoikin dé Ẹ̀pẹ́. Ẹ má fún un ní gbogbo iná. Tó bá ti rin nǹkan bíi 300 kìlómítà, ẹ da ọ́ìlì náà sínú abọ́ funfun, kẹ́ ẹ gbé e síta gbangba sábẹ́ oòrùn. Bí ẹ bá rí ohun tó ń dán yínrínyínrín nínú rẹ̀ bíi lúláàlì, díẹ̀ ò burú. Tó bá pọ̀, ẹ ṣí orí ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó tún gùn ún.