Láti Orí Abẹ Dé Orí Fóònù: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Gé Fídíò

Bọ́tìnnì kékeré kan la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: Undo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ẹ́díìtì fídíò tí olùkọ́ ní kó ṣe lè tẹ̀ ẹ́ ní àìmọye ìgbà lálẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò ní i.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Moscow, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920. Lev Kuleshov ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1919. Fíìmù tuntun wọ́n bí ojú. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ń gé fíìmù àtijọ́, wọ́n sì ń tún un tò. Pudovkin, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ròyìn pé wọ́n mú ojú òṣèré kan, Ivan Mosjoukine, wọ́n tò ó mọ́ àwo ọbẹ̀, wọ́n tún tò ó mọ́ òkú nínú pósí. Ojú kan náà ni o! Síbẹ̀, òǹwòran rò pé ọbẹ̀ gbà á lọ́kàn, wọ́n tún rò pé ó ń ṣọ̀fọ̀. Ibi tí àwòrán méjì ti pàdé ni ìtumọ̀ wà.

Nígbà náà, abẹ ni wọ́n fi ń gé fíìmù, wọn á sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ní 1924, Iwan Serrurier gbé ẹ̀rọ Moviola jáde, kí ẹni tó ń gé e lè máa wo ohun tó ń gé. Nígbà tí fọ́nrán fídíò dé, ẹ̀rọ kan ń dà á kọ sínú èkejì. Bí o bá gbàgbé àwòrán kan láàárín, o ní láti tún gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e dà kọ. Orí fọ́nrán VHS ni wọ́n gbé Living in Bondage jáde sí ní 1992, fíìmù tó ṣí ọ̀nà fún Nollywood.

Kọ̀ǹpútà ló tú wa sílẹ̀. Avid dé ní 1989, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó akẹ́kọ̀ọ́. Adobe gbé Premiere jáde ní 1991. Randy Ubillos tó ṣe Premiere àkọ́kọ́ náà ló wà nídìí Final Cut Pro, tí Apple tà ní dọ́là 999 ní 1999. Lónìí, DaVinci Resolve ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́, CapCut sì wà lórí fóònù.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: sọ́fútíwià wọ̀nyí kì í gé fídíò yín rárá. Wọ́n kàn ń kọ àṣẹ sílẹ̀ ni: bẹ̀rẹ̀ níbí, dúró níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Undo fi rọrùn. Ìdí kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbé fáìlì iṣẹ́ rẹ̀ nìkan sínú fláàṣì, tó bá dé kíláàsì, tí kò rí àwòrán kankan. Àṣẹ ló gbé, ó fi fídíò sílé. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fódà kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe ti di ọ̀fẹ́, ẹnikẹ́ni ló lè kọ́ṣẹ́ báyìí. Àmọ́ ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ibi tó yẹ ká gé, ojú àti ọkàn ẹni ló ń sọ ọ́, bó ṣe rí ní Moscow. Ẹ mú fídíò mẹ́ta tó ti wà lórí fóònù yín, ẹ tò wọ́n ní ọ̀nà méjì, kẹ́ ẹ fi han ọ̀rẹ́ kan. Ẹ bi í léèrè ohun tó rí. Ó dìgbà kan ná!