Kíka ẹyẹ inú igbó: iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó lè gba ẹ̀yà kan lọ́wọ́ ìparun

Ẹni tó bá dúró sí Òṣòdì láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ariwo ọkọ̀ tó bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀, yóò rí àwòdì, kannakánná, àdàbà àti lékeléke. Ẹyẹ tí gbogbo ayé mọ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Láti ọdún 2015 ni ètò tí wọ́n ń pè ní Nigerian Bird Atlas Project ti bẹ̀rẹ̀. A.P. Leventis Ornithological Research Institute, ilé ìwádìí nípa ẹyẹ tó wà nílùú Jọ́ọ̀sì, ló ń darí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni láti mọ irú ẹyẹ tó wà káàkiri Nàìjíríà. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló gbé iṣẹ́ náà lérí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tí owó ọkọ̀ wọn ń ti àpò ara wọn jáde.

Wọ́n pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí nǹkan bí 11,000 abala onígun mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó kìlómítà 9 lóòró àti níbùú. Òṣòdì, Múṣín, Ṣómólú àti Yunifásítì Èkó tó wà ní Àkọkà bọ́ sínú abala kan náà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ka ẹyẹ Òṣòdì kò gbọdọ̀ dúró sí ibùdókọ̀ nìkan. Ó yẹ kó dé etí ọ̀sà ní Àkọkà pẹ̀lú. Wákàtí 2 ló kéré jù tí yóò lò, ó sì lè máa fi ẹyẹ tuntun kún un títí di ọjọ́ 5. Bí ó ṣe ń rí wọn tẹ̀lé ara wọn ni yóò ṣe kọ wọ́n. Ìlànà yìí ni wọ́n ti ń lò ní South Africa láti 2007.

Kì í ṣe pé wọ́n ń ka ẹyẹ ní ení, èjì, bí ẹni ń ka owó. Orúkọ ni wọ́n ń kọ. Bí àkọsílẹ̀ 20 bá wà lórí abala kan, tí àdàbà wà nínú 19, tí àlùkò sì wà nínú 3 péré, ìyẹn ti fi bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wọ́pọ̀ tó hàn. Bí ó bá di ọdún 10 lẹ́yìn náà, tí àkọsílẹ̀ 20 mìíràn kò ní àlùkò kankan nínú, ọ̀rọ̀ ti di wàhálà nìyẹn. Ẹni tó bá fo lékeléke dá nítorí pé ó ti rí i sú, ó ti ba iṣẹ́ jẹ́. Èyí tó tún burú ni pé abala tí ẹnikẹ́ni kò dé rí àti èyí tí ẹyẹ ti tán níbẹ̀ kò yàtọ̀ síra lórí ìwé: òfìfo ni méjèèjì.

Inú igbó ni iṣẹ́ náà ti le jù, nítorí ewé kì í jẹ́ kí ojú ríran. Etí ni wọ́n fi ń ṣe é. Akọ ẹyẹ a máa kọrin ní ìdájí láti pe abo àti láti lé akọ mìíràn jìnnà. Síbẹ̀, rírí ẹyẹ kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ló ń yé sí. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ló máa ń sùn sí Ebbaken-Boje ní Ìpínlẹ̀ Cross River nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ń padà lọ pamọ sí. Nígbà tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tó lé ní 10,000 ṣe irú ìwádìí yìí ní Bìrìtéènì àti Ireland láàárín 1968 sí 1972, ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín ẹ̀rí sí. Ẹyẹ tó ń kọrin níbi tó yẹ kó máa gbé wà ní ìpele kìn-ín-ní, takọtabo tó jọ ń gbé ojú kan wà ní ìkejì, èyí tó gbé kòkòrò sẹ́nu lọ fún ọmọ rẹ̀ sì ni ìkẹta, tí kò sí iyèméjì nínú rẹ̀ mọ́.

Ẹyẹ tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ni Ibadan Malimbe. Ìbátan ẹ̀gà ni. Akọ rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n orí àti àyà rẹ̀ pupa fòò. J.H. Elgood, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ló júwe rẹ̀ fún aráyé ní 1958. Ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo àgbáyé, igbó tó sì ń gbé ni wọ́n ń gé sí wẹ́wẹ́ fún oko àti ilé. Igbó inú ọgbà IITA ní Ìbàdàn, tó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 350, wà lára ibi tó ṣì kù fún un. Bí ó bá tán níbí, kò sí ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ti lè lọ mú un wá.

Ẹni tó ń gbé Òṣòdì tó fẹ́ fi etí kọ́ orin ẹyẹ igbó lè bẹ̀rẹ̀ láti Lekki Conservation Centre, hẹ́kítà 78 tí Nigerian Conservation Foundation ń bójú tó láti 1990. Igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tóbi ju ìyẹn lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ó yẹ kéèyàn gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba kó tó wọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìtẹ́. Ihò igi tí odídẹrẹ́ bá sì yé sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lójú ọjà, nítorí pé bí àpérò CITES tilẹ̀ fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ní 2016, àwọn tó ń mú un kò tíì jáwọ́.