Láti Abala 1793 dé Orí Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Ìwé Àyípadà Nínú Iṣẹ́ Ilé Kíkọ́

Àbúrò bàbá mi jẹ́ mọlémọlé ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí mo ṣì wà ní lycée, ẹnì kan gbé iṣẹ́ ilé fún un. Wọ́n ti mọ ògiri dé ibi fèrèsé kí onílé tó dé lọ́jọ́ kan, tó nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé, tó ní kí wọ́n fi yàrá kan kún un. Bàbá kékeré ṣe é. Nígbà tí ọjọ́ ìṣirò pé, onílé ní iye tí àwọn jọ kọ sílẹ̀ nìkan lòun mọ̀. Ìwé wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n yàrá kò sí nínú ìwé. Ẹnì kan ń sùn nínú yàrá náà títí dòní, owó rẹ̀ kò sì wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo rántí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń tọ́jú ohun tí wọ́n ń pè ní change order. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn náà ti pẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ, àti pé orúkọ tí èdè kọ̀ọ̀kan fún ìwé náà ní ohun tó ń sọ nípa ẹni tó láṣẹ àti ẹni tí yóò jẹ gbèsè.

Vitruvius, ayàwòrán-ilé ará Róòmù tó kọ̀wé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní ṣáájú ìbí Jésù, sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ kẹwàá pé òfin kan wà ní Éfésù: ayàwòrán-ilé tó bá gba iṣẹ́ ìlú gbọ́dọ̀ kéde iye tí iṣẹ́ náà yóò ná, dúkìá rẹ̀ yóò sì wà lọ́wọ́ ìjọba títí iṣẹ́ yóò fi parí. Bí àfikún kò bá ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, ìlú ni yóò san án. Èyí tó bá lé, inú dúkìá ayàwòrán ni wọn yóò ti yọ ọ́. Iye owó ni òfin yìí ń wò. Kò béèrè pé ta ló ní kí iṣẹ́ yí padà.

Abala 1793 nínú Code civil ilẹ̀ Faransé, ti ọdún 1804, ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó ní bí agbaṣẹ́ṣe bá ti gba ilé kọ́ ní iye àjọsọ kan, lórí àwòrán tí òun àti ẹni tó ni ilẹ̀ ti fẹnu kò lé, kò lè béèrè àfikún mọ́. Owó òṣìṣẹ́ tàbí ti ohun èlò ìbáà gbówó lórí, àwòrán ìbáà yí padà, kò sí àfikún, àfi bí wọ́n bá ti fi ìwé fọwọ́ sí àyípadà náà, tí wọ́n sì ti jọ dá iye rẹ̀. Òfin yìí bá ìjọba amúnisìn wọ Dahomey. Ó dé bá àwọn ènìyàn tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu níwájú ẹlẹ́rìí ni wọ́n fi ń so àdéhùn. N kò sọ pé òfin náà burú, torí ó ń gba onílé lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe alárékérekè tí í máa fi owó lé owó. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ọ̀rọ̀ onílé gbọ́, tó sì ṣiṣẹ́ lé e lórí, ni í ru ẹrù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn orúkọ náà. Faransé ń pè é ní avenant, láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe àtijọ́ avenir, tó túmọ̀ sí kí nǹkan dé tàbí kí ó ṣẹlẹ̀. Ohun tó dé bá àdéhùn ni, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó rán an. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Bírítéènì ń sọ pé variation, ọ̀rọ̀ yìí náà sì ni FIDIC lò nínú àdéhùn aláwọ̀ pupa tó gbé jáde ní 1957. (Èdè Faransé ni wọ́n fi sọ FIDIC lórúkọ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1913, síbẹ̀ fọ́ọ̀mù àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ Bírítéènì ni wọ́n gbé ìwé pupa yẹn lé. Inú àwa tó kàwé lédè Faransé kì í dùn sí i.)

Ti Amẹ́ríkà ló ṣòro jù láti túmọ̀. Order ń tọ́ka sí àṣẹ. Ṣùgbọ́n nínú A201, ìwé àdéhùn ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, change order jẹ́ ìwé tí onílé, agbaṣẹ́ṣe àti ayàwòrán-ilé jọ fọwọ́ sí, láti fi hàn pé wọ́n ti gbà lórí iṣẹ́ tó yí padà, lórí owó àti lórí àkókò. Àdéhùn nìyẹn. Ìwé mìíràn, construction change directive, ni àṣẹ gidi, torí ó lè jáde kí agbaṣẹ́ṣe tó gbà sí owó rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá túmọ̀ change order sí «àṣẹ àyípadà», a ti ṣi ènìyàn lọ́nà. «Àfikún» kò tó, torí àyípadà mìíràn ń dín owó kù. «Àtúnṣe» náà ń mú kí ó dà bíi pé ẹnì kan ti ba nǹkan jẹ́. «Ìwé àdéhùn àyípadà» ni mo fara mọ́, kí a fi «àṣẹ àyípadà» sílẹ̀ fún directive.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń kọ, wọ́n á sì to orúkọ àti nọ́ńbà wọn sínú ìwé ńlá kan. VisiCalc dé ní 1979, Excel ní 1985, ìwé ńlá náà sì di tábìlì lójú kọ̀ǹpútà. Ilé-iṣẹ́ Primavera, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Pennsylvania ní 1983, ṣe ètò kan tó ń jẹ́ Expedition, tó so lẹ́tà, ìbéèrè àti àyípadà pọ̀ mọ́ àdéhùn tí wọ́n ti wá. Oracle ra Primavera ní 2008. Procore bẹ̀rẹ̀ ní California ní 2002. Ọ̀gbẹ́ni Courtemanche tó dá a sílẹ̀ ń kọ́lé níbi tó jìnnà sí ibi tó ń gbé, kò sì mọ ẹni tó wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ohun tó yẹ kí onímọ̀ èdè fiyè sí nínú àwọn ètò wọ̀nyí ni bí àyípadà kan ṣe ń gba ipò kan kọjá sí òmíràn. Lákọ̀ọ́kọ́, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Wọn a béèrè iye lọ́wọ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe kékeré. Àyípadà náà a wà ní ipò potential, ìyẹn ni pé ó lè ná owó, a kò sì tíì gbà á. Lẹ́yìn ìbuwọ́lù nìkan ni iye àdéhùn tó ń yí. Nínú gírámà wa, iṣẹ́ tí «lè» àti «ti» ń ṣe nìyẹn. Ipò «lè» yìí gan-an ni Abala 1793 kò fi àyè sílẹ̀ fún, òun náà ló sì bọ́ lọ́wọ́ bàbá kékeré: ẹ̀rí tó ní ọjọ́ lórí, tó ń sọ pé onílé ti béèrè, owó ló kù tí a kò tíì sọ.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé òfin 1804 níbi kan: ohun tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ sínú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ní tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ló ń sọ pé àyípadà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó di ṣọ́bìrì mú. Nínú àwọn tí mo ti lò, n kò tíì rí èyí tó ń sọ Yorùbá.

Bàbá kékeré ti wá ọ̀nà tirẹ̀. Bí onílé bá nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé báyìí, á yọ fóònù, á ṣí WhatsApp, á ní: «Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un sọ síbí, kí n má baà gbàgbé.» Bóyá adájọ́ yóò ka ohùn tí fóònù gbà sí ìwé, lójú Abala 1793, ni mo ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin fà báyìí. Ohun tí bàbá kékeré sọ fún mi ni pé láti ìgbà náà, kò tíì sí onílé tó sẹ́ ohùn ara rẹ̀.