Iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì láti ojú ihò kékeré: Ohun tó yẹ kí ẹ bi dókítà kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé

Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní fáíbírọ́ìdì, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ìju, ló ń sá fún iṣẹ́ abẹ torí pé wọn ò fẹ́ kí wọ́n la ikùn àwọn. Tí dókítà bá wá sọ pé ihò kéékèèké mélòó kan péré lòun máa lu, ara á tù wọ́n. Lóòótọ́, irú iṣẹ́ abẹ yìí ní àǹfààní. Àmọ́ o, pé ojú ọgbẹ́ kéré kò ní kí ewu rẹ̀ kéré.

Kí ni fáíbírọ́ìdì?

Kókó tó máa ń hù sára ilé ọmọ ni. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn yòókù lọ, ó sì máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ lára wa. Àwọn kan ní in, wọn ò tiẹ̀ mọ̀. Ní ti àwọn mìíràn, nǹkan oṣù wọn á máa ya bí omi, inú á máa run wọ́n, ẹ̀jẹ̀ á dín kù lára wọn. Èyí tí kò bá yọ èèyàn lẹ́nu, kò pọn dandan kí wọ́n yọ ọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Wọ́n á fún obìnrin náà ní oògùn akunilóorun, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn rẹ̀ kí àyè lè wà, wọ́n á wá ti kámẹ́rà tín-ín-rín àti irinṣẹ́ gba ojú ihò wọlé. Ìrora kì í pọ̀, èèyàn sì máa ń tètè padà sílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé, báwo ni kókó tó tóbi tó ọsàn ṣe máa gba ihò tí kò ju ìka lọ jáde? Àfi kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́. Ẹ̀rọ oníná tó ní abẹ tó ń yí bírí, tí wọ́n ń pè ní power morcellator, ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lò fún un.

Ewu tó wà nínú ẹ̀rọ náà

Bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń gé kókó, ẹ̀rún rẹ̀ lè fọ́n sínú ikùn. Tó bá jẹ́ fáíbírọ́ìdì lásán, ẹ̀rún náà lè lẹ̀ mọ́ ibòmíràn kó sì tún máa dàgbà. Tó bá jẹ́ pé jẹjẹrẹ ilé ọmọ tí wọ́n ń pè ní sarcoma ló fara pa mọ́ síbẹ̀, ẹ̀rọ náà lè tàn án ká gbogbo ikùn. Kò sì sí àyẹ̀wò kankan, ì báà jẹ́ scan, tó lè fi gbogbo ẹnu sọ ṣáájú iṣẹ́ abẹ pé sarcoma kò sí níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Amy Reed ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Dókítà ni òun fúnra rẹ̀, ó sì bí ọmọ mẹ́fà. Wọ́n lo ẹ̀rọ yìí fún un ní Boston lọ́dún 2013, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àyẹ̀wò tó fi hàn pé jẹjẹrẹ wà níbẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ pariwo ọ̀rọ̀ náà síta. Ní oṣù Kẹrin 2014, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀ kéde pé, nínú nǹkan bí 350 obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ní sarcoma láìmọ̀. Ní oṣù Keje ọdún náà, iléeṣẹ́ Johnson & Johnson kó ẹ̀rọ tiwọn kúrò lọ́jà. Reed kú ní oṣù Karùn-ún 2017.

Ní 2020, FDA tún sọ pé tí dókítà bá máa lo ẹ̀rọ náà, inú àpò pàtàkì tí wọ́n ṣe fún un ni kó ti gé kókó, kò sì gbọ́dọ̀ lò ó fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró tàbí tó ti lé ní ọmọ 50 ọdún. Àpò náà kò sì mú gbogbo ewu kúrò.

Àwọn ewu yòókù

- Irinṣẹ́ lè gún ìfun, àpò ìtọ̀ tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀.
- Ẹ̀jẹ̀ lè dà púpọ̀, kó di dandan kí wọ́n la ikùn náà.
- Ojú ibi tí wọ́n rán lára ilé ọmọ lè ya nígbà oyún tàbí ìrọbí. Ẹni tó bá lóyún lẹ́yìn náà, kó tètè sọ fún wọn níbi ìtọ́jú aboyún.
- Fáíbírọ́ìdì mìíràn lè tún hù.

Lílà ikùn náà ní ewu tirẹ̀: ẹ̀jẹ̀ lè dà jù, ọgbẹ́ lè kẹ̀, ara á sì pẹ́ kó tó yá. Torí náà, a ò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré. Ohun tá à ń sọ ni pé kí ẹ béèrè.

Ẹ bi dókítà yín ní nǹkan wọ̀nyí

1. Báwo lẹ ṣe máa mú kókó náà jáde? Ṣé ẹ máa gé e nínú ikùn?
2. Ṣé ẹ máa lo àpò?
3. Pẹ̀lú ọjọ́ orí mi, báwo ni ewu jẹjẹrẹ ṣe pọ̀ tó fún mi?
4. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí?
5. Tí mo bá ṣì fẹ́ bímọ ńkọ́?
6. Ṣé ẹ máa gbé kókó náà lọ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ́?

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí ibà bá mú yín, tí inú bá ń wú tàbí tí ìrora ń le sí i, tí ẹ̀jẹ̀ ń ya tàbí tí ìtọ̀ kò jáde, ẹ má lọ máa ra oògùn ní kẹ́mísìtì o. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe é ni kí ẹ padà sí lójú ẹsẹ̀.