Ta Ni Ọ̀gá Àwọn Onígìtá? Rosetta Tharpe àti Àríyànjiyàn Lórí Ipò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ iyàn mu, ó sì bá iyàn lórí ẹni tí ó mọ gìtá ta jù láyé mu dáadáa. Ẹni tí ó dàgbà sínú orin rock yóò dárúkọ Jimi Hendrix. Ẹni tí ó fẹ́ràn blues yóò ní kò sí bí B.B. King. Ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ Ebenezer Obey tàbí ti Sunny Adé ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbà. Oko baba oníkálukú ni ó ń wọ̀n.

Bí iyàn náà bá mọ sí ìdí ayò tàbí ilé ọtí, eré ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kan bá kọ ọ́ sínú ìwé, tí wọ́n fi nọ́ńbà sí i láti ẹni kìíní dé ẹni ìkẹyìn, ó ti di ìdájọ́. Orúkọ àwọn kan yóò wọ inú ìtàn, orúkọ àwọn mìíràn yóò sì sọnù. Ó yẹ nígbà náà kí á yẹ ìdájọ́ ọ̀hún wò.

Àtòjọ mẹ́ta

Ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá ìwé ìròyìn Rolling Stone sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ní ọdún 2003, ó gbé orúkọ 100 onígìtá jáde gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ga jù lọ. David Fricke, ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀, ni ó ṣe ètò náà. Ní ọdún 2011, ó tún gbé 100 mìíràn jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn onígìtá olókìkí àti àwọn onímọ̀ orin ni wọ́n dìbò. Ní ọdún 2023, ó gbé àtòjọ kẹta jáde, iye orúkọ inú rẹ̀ sì di 250.

Hendrix ni ó wà ní ipò kìíní nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọlọ́wọ́ òsì ni, gìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni ó sì máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀ láti ta. Ọmọ ọdún 27 péré ni nígbà tí ó kú ní London ní ọdún 1970. Ipò tirẹ̀ kò yẹ̀. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni kò dúró lójú kan.

Àpẹẹrẹ kan ni Robert Johnson, akọrin blues tí ó kú ní ọdún 1938. Gbogbo orin tí ó fi sílẹ̀ fún ayé kò ju 29 lọ, ìpínlẹ̀ Texas ni wọ́n sì ti gbà wọ́n sí àwo ní ọdún 1936 àti 1937. Àtòjọ 2003 fi í sí ipò karùn-ún. Nígbà tí ọdún 2011 yóò fi dé, ó ti já sí ipò 71. Duane Allman, tí ó kú ní ọdún 1971, wà ní ipò kejì ní 2003. Ní 2023, ipò kẹwàá ni wọ́n fún un. Eddie Van Halen gòkè ní tirẹ̀. Ọdún 1978 ni àwo tí ó sọ ọ́ di olókìkí jáde, síbẹ̀ ipò 70 ni ó wà ní ọdún 2003. Ní 2011, ó ti dé ipò kẹjọ. Ní 2023, ó di ẹni kẹrin.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú èyí. Robert Johnson kò jí dìde láàárín 2003 sí 2011 kí ó tún orin rẹ̀ ta, kí ó sì ṣi í ta. Orin 29 náà ṣì wà bí ó ti fi wọ́n sílẹ̀. Ìka àwọn òkú kò yí padà. Etí àwọn tí ó ń gbọ́ wọn ni ó yí padà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ka irú àtòjọ bẹ́ẹ̀ ń ka ìtàn àwọn adájọ́ pọ̀ mọ́ ìtàn àwọn onígìtá.

Òṣùwọ̀n wo ni a fi wọ̀n ọ́n?

Ohun tí ó fa èyí ni pé kò sí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo fún gìtá. Nínú eré ìje, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé òpin ni ó borí, iyàn sì parí. Nínú orin, àwọn kan ń wo bí ọwọ́ ṣe yá tó. Àwọn kan ń wo ẹni tí ó mú ohun tuntun wá. Àwọn kan ń ka iye ènìyàn tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ onítọ̀hún, yálà ojú kojú tàbí láti inú àwo. Àwọn mìíràn sì ń béèrè bóyá orin náà wọ ènìyàn lọ́kàn.

Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ tí ó pé tí ó sì le nìkan ni òṣùwọ̀n, kí ni a ó ṣe pẹ̀lú Django Reinhardt? Iná jó o ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1928, ó sì ba méjì nínú ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ jẹ́. Ìka méjì tí ó ṣẹ́kù ni ó fi ń sáré lórí okùn gìtá, títí tí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn tí orin jáàsì kò lè gbàgbé. Joni Mitchell, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ní àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní kékeré, ó sì sọ ọwọ́ òsì rẹ̀ di aláìlágbára. Nítorí èyí, ó ń yí okùn gìtá rẹ̀ sí ohùn tí ó rọ ọwọ́ náà lọ́rùn, ohùn tí àwọn ẹlòmíràn kì í sábà lò, bẹ́ẹ̀ ni orin rẹ̀ sì ṣe ní ìró tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Àtòjọ 2003 fi í sí ipò 72, ti 2011 fi í sí 75. Ní 2023, ipò kẹsàn-án ni ó wà. Òṣùwọ̀n ni ó yí padà.

Ẹni tí wọn kò pè

Ìtàn tí ó fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù ni ti Sister Rosetta Tharpe. Ìlú Cotton Plant, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1915. Ajíhìnrere ni ìyá rẹ̀, tí ó ń kọrin tí ó sì ń ta mandolin nínú ìjọ. Inú ìjọ yẹn ni Rosetta ti mọ gìtá láti èwe, ó sì ń bá ìyá rẹ̀ rìn láti ìlú dé ìlú.

Ní ọdún 1938, ó gba orin rẹ̀ àkọ́kọ́ sí àwo fún ilé-iṣẹ́ Decca. Ní ọdún kan náà ó kọrin ní Cotton Club, ilé ijó olókìkí ní New York, àti ní gbọ̀ngàn Carnegie. Inú àwọn kan nínú ìjọ kò dùn pé wọ́n gbé orin Olúwa lọ sí ilé ijó. Síbẹ̀, ó ń fi gìtá oníná ta orin ìhìnrere pẹ̀lú ìlù tí ó le àti ohùn tí ó ń ké, ọ̀pọ̀ ọdún kí ayé tó mọ ohun tí à ń pè ní rock. Orin rẹ̀ "Strange Things Happening Every Day", tí ó gbà sí àwo ní 1944, dé ipò kejì ní ọdún 1945 nínú àtòjọ tí ìwé ìròyìn Billboard yà sọ́tọ̀ fún orin àwọn aláwọ̀ dúdú. Láyé ọjọ́un, àtòjọ pàápàá ní ògiri: ti àwọn aláwọ̀ dúdú dá wà, ti àwọn aláwọ̀ funfun náà dá wà.

Òkìkí rẹ̀ kò kéré nígbà náà. Ní ọdún 1947, ó pe ọ̀dọ́mọdé kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14 sórí ìtàgé ní ìlú Macon láti kọrin. Ọmọ náà ni ó di Little Richard. Ní ọdún 1951, ó ṣe ìgbéyàwó nínú pápá ìṣeré ńlá kan ní Washington, ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ènìyàn lọ sì sanwó wọlé láti wò ó àti láti gbọ́ orin rẹ̀ lẹ́yìn ètò náà. Ní ọdún 1964, ó ta gìtá nínú òjò ní ibùdókọ̀ ojú irin kan tí wọn kò lò mọ́ ní Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òǹwòran jókòó sí òdìkejì ojú irin, tẹlifíṣọ̀n sì ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ó kú ní Philadelphia ní ọdún 1973, wọ́n sì sin ín sí ibojì tí kò ní òkúta orúkọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ibojì náà fi wà bẹ́ẹ̀. Láàárín àkókò yẹn ni àtòjọ 2003 jáde. Obìnrin méjì péré ni ó wà láàárín 100, Joni Mitchell àti Joan Jett. Orúkọ Rosetta Tharpe kò sí níbẹ̀; kò sì sí nínú ti 2011.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Àwọn ènìyàn lọ wá a rí. Ní ọdún 2007, Gayle Wald gbé ìwé jáde lórí ìgbésí ayé rẹ̀. Ní 2008, wọ́n ṣe àgbájọ orin láti fi rí owó òkúta orúkọ fún ibojì rẹ̀. Ní 2011, BBC gbé fíìmù ìtàn rẹ̀ jáde. Ní 2018, wọ́n gbà á wọlé sí Rock and Roll Hall of Fame. Nígbà tí Rolling Stone tún to orúkọ ní 2023, Rosetta Tharpe wà ní ipò kẹfà. Ẹni tí kò yẹ ní ẹni ọgọ́rùn-ún lánàá ni ó di ẹni kẹfà lónìí, bẹ́ẹ̀ ó ti pé ní 50 ọdún tí ó ti kú.

Ṣé àṣà ìgbà ni?

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà ìgbà ni ó gbé e ga, pé àwọn adájọ́ fẹ́ kí wọ́n yìn wọ́n pé wọ́n rántí obìnrin àti aláwọ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé gbójú fò, nítorí àwọn adájọ́ 2023 náà jẹ́ ọmọ ìgbà tiwọn gẹ́gẹ́ bí àwọn ti 2003 ti jẹ́ ọmọ ìgbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí wà tí kò dúró lórí àṣà ìgbà kankan. Àwo 1938 wà. Àwo 1944 wà. Àwòrán tẹlifíṣọ̀n 1964 wà, tí ẹnikẹ́ni lè fi ojú ara rẹ̀ rí ìka rẹ̀ lórí okùn. Johnny Cash pàápàá dárúkọ rẹ̀ ní ọdún 1992 pé òun fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré. Bóyá ipò kẹfà ni ó tọ́ sí i tàbí ipò ogún, èèyàn lè jiyàn lórí ìyẹn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Pé kò yẹ kí ó sí níbẹ̀ rárá, ẹ̀rí kò gbè é. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ìdájọ́ 2003 kò gbọ́ ẹjọ́ tirẹ̀.

Bí jùjú bá dé ilé ẹjọ́

Bí etí adájọ́ bá lè ṣe báyìí sí ọmọ Amẹ́ríkà nílé ara rẹ̀, ó yẹ kí onílé jùjú náà ronú. Nínú àtòjọ 2003, ọmọ Áfíríkà kan, Ali Farka Touré ti ilẹ̀ Mali, wà ní ipò 76. Gìtá jùjú ní ìṣòro mìíràn tí ó ju pé wọn kò mọ̀ ọ́n lọ. Àyìndé Bákàrè ni wọ́n máa ń kà sí ẹni tí ó mú gìtá oníná wọ jùjú ní ìparí àwọn ọdún 1940. Nígbà tí ohùn gìtá ti lè dún sókè, ìlù tí ó pọ̀ sí i, títí kan gángan, lè wọlé láì bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹgbẹ́ ṣe ń tóbi ni gìtá náà ń pọ̀ sí i.

Nínú ẹgbẹ́ Sunny Adé, bí a ti gbọ́ ọ nínú àwo Juju Music ti ọdún 1982, gìtá kan ń tún ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sọ láìsinmi, òmíràn ń dá a lóhùn, òmíràn ń gba àárín wọn kọjá, gìtá Hawaii ti Dẹ́mọ́lá Adépòjù sì ń fà lókè bí ẹni ń súfèé. Ọwọ́ Adépòjù yìí náà wà nínú àwo Graceland tí Paul Simon gbé jáde ní 1986. Bí a bá yọ ẹnìkan nínú wọn, ilé orin náà yóò jò. Ta ni a ó wá fún ní nọ́ńbà? Ẹni tí ó ń ta ohùn mẹ́ta péré ní àtàtúnta ni ó di òpó ilé mú, ṣùgbọ́n àtòjọ tí ó ń wá akọni kan ṣoṣo kò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ láéláé. Iyàn tí àwọn olólùfẹ́ Obey àti ti Sunny Adé fi gbogbo àwọn ọdún 1970 jà náà kò bọ́ nínú àléébù yìí: orúkọ olórí ẹgbẹ́ ni wọ́n ń gbé sókè, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ náà.

Èyí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jiyàn mọ́. Iyàn ni ó mú kí àwọn kan padà lọ gbọ́ Rosetta Tharpe. Ohun tí ó tọ́ ni kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹnìkan ṣe ọ̀gá kọ́kọ́ sọ òṣùwọ̀n tí ó lò, kí ó sọ àwọn tí ó gbọ́, kí ó sì wádìí ẹni tí wọn kò pè wá síbi ẹjọ́. Ìka ọwọ́ kò dọ́gba, òótọ́ ni. Gbogbo ìka ni ó sì ń ta gìtá, àfi bí ẹni tí ó ń gbọ́ kò bá fẹ́ gbọ́ ju àtàǹpàkò lọ.