Nàgó: Orúkọ ni tàbí Ẹ̀gàn?

Èébú a máa dun etí, a sì máa kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gàn a máa wọ inú orúkọ, a sì máa gbé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín: Nàgó, tí àwọn Fọ̀n àti Ègùn fi ń pe àwa tí a ń sọ èdè Yorùbá láti Àjàṣẹ́ títí dé Ṣábẹ, tí àwọn Faransé sì ń kọ ní Nagot.

Àwọn kan ní inú èdè Fọ̀n ni ó ti wá, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹlẹ́gbin tí iná orí kún irun rẹ̀, nítorí àwọn tí ogun lé dé ààlà Dàhòmì pẹ̀lú ebi àti àkísà. Ìtàn yìí ti wọ inú ìwé àwọn onímọ̀ ní Bràsíìlì pàápàá. Àwa kò gbà á. Ànàgó ni orúkọ tí àwọn ará Ìpókíà, Ìfọ̀nyìn àti Ìtàkété (Sakété inú ìwé ìjọba) ń jẹ́ fúnra wọn. "Nu" tí Fọ̀n fi kún un tí ó fi di Anagonu kò ju "ará ibẹ̀" lọ. Bí wọ́n ti ń pe ará Abomey náà nìyẹn. Aládùúgbò tí ó sún mọ́ni jù lọ ni a ń kọ́kọ́ mọ̀, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣebí orúkọ ẹ̀yà kan ṣoṣo, Alemanni, ni àwọn Faransé fi sọ gbogbo ará Jámánì ní Allemands.

Níbo wá ni ẹ̀gàn ti wọlé? Ogun ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Dàhòmì fi kó ènìyàn ní ilẹ̀ wa, títí wọ́n fi fọ́ Kétu ní 1886. Ẹni tí ó jẹ́ pé nínú ìdè ni ó ti ń rí Nàgó, kò ní pẹ́ kí ó tó máa gbọ́ ẹrú nínú orúkọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu kan náà ni ó ń ránṣẹ́ pe babaláwo wa, nítorí Fa tí wọ́n ń dá, Ifá ni.

Ní Bahia, àwọn olówó ẹrú a máa kọ nagô sínú ìwé bí ẹni kọ irú ọjà. Àwọn Nagô ni ó pọ̀ jù nínú ìdìtẹ̀ àwọn Malê, èyíinì ni àwọn ìmàle, ní 1835. Lónìí, àwọn ilé Candomblé ní ìlú náà ń fi nagô àti Kétu yangàn.

Nílé ńkọ́? Bi àgbàlagbà kan ní Ṣábẹ léèrè ẹni tí òun í ṣe, orúkọ ìlú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá. Ṣùgbọ́n ní Àjàṣẹ́, a máa ń gbọ́ kí àwọn kan fi Yorùbá pe ara wọn, kí wọ́n sì fi Nàgó sílẹ̀ fún ará oko. Ẹ̀gàn yẹn kì í ṣe ti Fọ̀n mọ́, tiwa ni. Orúkọ Yorùbá tí wọ́n sì sá di ọ̀hún, ẹnu àwọn Haúsá ni ó ti jáde, Ọ̀yọ́ nìkan ni wọ́n sì fi ń pè tẹ́lẹ̀.